Ojú Irin Inú Iṣan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò kan adìẹ nìkan. Nínú ara ọmọ ènìyàn, àwọn ohun tí abẹ́rẹ́ fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún tóbi jù lọ ni ó gbé ìrìn, ìdúró àti ìfọwọ́kàn ró. Ọjọ́ tí wọ́n bá yẹ̀, àgbà ọkùnrin a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, kò sì sí ojú lásán tí ó lè rí ohun tí ó ṣe é.

Ẹni tí ó bá ti òpópó Ọba Akran ní Ìkẹjà gba Ọgbà kọjá dé Agége yóò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ni agbègbè náà fi ń mí. Nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ni ìjọba ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní ọdún 1962; ilé iṣẹ́ aṣọ, ti ọ̀dà, ti oògùn, ti ike àti ti táyà náà sì fìdí múlẹ̀ ní àyíká. Àwọn kan ti kógbá sílé nínú wọn, àwọn mìíràn ṣì ń bẹ. Yàtọ̀ sí àwọn ilé ńlá wọ̀nyí, ẹ̀yìnkùlé àti ẹ̀bá ọ̀nà kún fún àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké: àwọn aránbàtà, àwọn tí ń fín ọ̀dà sára mọ́tò, àwọn tí ń tẹ àwòrán sára aṣọ, àwọn tí ń lẹ fóòmù mọ́ àga. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n òórùn kan náà ni ó ń jáde láti ẹnu ọ̀nà wọn: òórùn gọ́ọ̀mù, ti tínà àti ti bẹntiróòlù.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Ká sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọ́ iṣẹ́ bàtà ní Agége. Yàrá kékeré ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ni ó ní, wọ́n sì máa ń tì í nígbà òjò kí omi má baà kan awọ. Láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọmọ yìí a máa kun gọ́ọ̀mù sí àtẹ́lẹ̀ bàtà, a máa fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó lè gbẹ, a sì máa fi bẹntiróòlù ṣan ọwọ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹsẹ̀ náà kú tipiri. Ní ọjọ́ kan, sálúbàtà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì rìn dé ilé kí ó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ṣófo. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní, “Ọmọ mi, ta ni o ṣẹ̀? Èyí kì í ṣe ojú lásán. O ti gbẹ́sẹ̀ lé ohun tí wọ́n gbé dè ọ́.” Ọmọ dáhùn pé, “Ìyá mi, n kò bá ẹnikẹ́ni jà o.” Ọ̀gá rẹ̀ ní tirẹ̀ rí i pé ọ̀bẹ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ìmẹ́lẹ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù.” Ìyá ń wá ọ̀tá, ọ̀gá ń wá ọ̀lẹ. Agolo gọ́ọ̀mù wà láàárín wọn tí ó la ẹnu sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bojú wò ó.

Láti mọ ohun tí agolo náà ń ṣe, ó di dandan kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣan jẹ́. Èdè Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun púpọ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ń jẹ́ iṣan. Ẹran ara tí ń sún kì tí ó sì ń nà ń jẹ́ iṣan. Okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun ń jẹ́ iṣan. Èyí tí ń gbé ìmọ̀lára kiri náà ń jẹ́ iṣan. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, iṣan-ìmọ̀lára ni ó yẹ kí a pe èyí tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, kí ó má baà dàrú mọ́ àwọn yòókù.

Iṣan-ìmọ̀lára jẹ́ ìdì okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, okùn kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ apá kan lára sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára ní ìdí, èyí tí í ṣe ilé rẹ̀ gan-an. Láti ibẹ̀ ni oríṣi ẹ̀ka méjì ti ń yọ. Èkíní ni àwọn ẹ̀ka kúkúrú tí ó pín bí ẹ̀ka igi, tí ń gba iṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn rán. Ẹ̀ka-agbọ́rọ̀ ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ wọn mu. Èkejì ni okùn kan ṣoṣo tí ó lè gùn púpọ̀, tí ń jẹ́ iṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Okùn-ajíṣẹ́ ni ó yẹ kí a pe èyí. Èyí tí ń gbé àṣẹ lọ sí ẹsẹ̀ ní ìdí rẹ̀ nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Èyí tí ń gbé ìròyìn bọ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ní ìdí tirẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀pá ẹ̀yìn, ohun tí ó sì wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti okùn-ajíṣẹ́.

Ìwọ̀n wọn yani lẹ́nu. Ìdí sẹ́ẹ̀lì náà kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mílímítà lọ, ṣùgbọ́n okùn tí ó lọ sí ẹsẹ̀ àgbàlagbà lè gùn tó mítà kan. Bí ìdí sẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ ilé tí ó fẹ̀ ní mítà 6 ní Ìkẹjà, okùn rẹ̀ yóò gùn tó kìlómítà 60, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Abẹ́òkúta. Báwo ni ilé kékeré kan ṣe lè máa bọ́ ọ̀nà tí ó gùn tó báyìí? Ìbéèrè yìí ni awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wá dáhùn.

Ìjà ńlá wà nílẹ̀ kí awò náà tó dé. Ní ọdún 1873, Camillo Golgi, ará Ítálì, ṣàwárí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kun sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára ní dúdú kí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ lè hàn. Santiago Ramón y Cajal, ará Sípéènì, mú ọ̀nà yìí lò, ó sì tún un ṣe. Golgi ní gbogbo ẹ̀ka wọ̀nyí so wọ ara wọn bí àwọ̀n apẹja. Cajal ní rárá, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró, wọ́n kàn ń fẹnu kò níbi tí wọ́n ti ń pàdé ni. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1906, síbẹ̀ wọn kò gbà fún ara wọn. Awò ìgbà náà kò lè parí ìjà yìí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo tí ó wà láàárín wọn kò bá tó nǹkan bí nánómítà 200. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan níbẹ̀ ni nánómítà.

Ní ọdún 1931, ní ìlú Berlin, Max Knoll àti Ernst Ruska ṣe irú awò mìíràn. Awò náà kì í lo ìmọ́lẹ̀. Ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó ń lò, agbára òòfà sì ni ó fi ń darí rẹ̀ bí gíláàsì ti ń darí ìmọ́lẹ̀. Ruska gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní ọdún 1986, ọdún 55 lẹ́yìn náà. Ní àárín àwọn ọdún 1950, Sanford Palay àti George Palade, pẹ̀lú Eduardo De Robertis àti Stanley Bennett, darí irú awò yìí sí oríta tí sẹ́ẹ̀lì méjì ti ń pàdé. Wọ́n rí i pé àlàfo wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Kò ju nǹkan bí nánómítà 20 lọ, ṣùgbọ́n ó wà. Wọ́n sì rí àwọn àpò róbótó tíńtìnnì tí ó kó jọ sí etí àlàfo náà, bí ọkọ̀ ojú omi tí ó dúró sí èbúté tí ó ń dúró de ẹrù àtikọjá. Ọ̀rọ̀ Cajal ni ó ṣẹ.

Kì í ṣe pé ènìyàn kàn ń gbé ẹran ara sínú awò yìí kí ó sì máa wò ó. Inú awò náà kò ní afẹ́fẹ́, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò sì lè la ohun tí ó nípọn kọjá. Wọ́n ní láti fi oògùn mú ẹran náà dúró bí ó ti wà láàyè, kí wọ́n fi ọtí líle fa omi inú rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n sì rì í sínú oje kan tí yóò le bí ike. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi ọ̀bẹ gíláàsì tàbí ti dáyámọ́ńdì gé e. Pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju nǹkan bí nánómítà 70 lọ. Bí a bá to irú rẹ̀ lé ara wọn, yóò ju 1,000 lọ kí wọ́n tó nípọn tó ewé ìwé kan. Àwọn èròjà tí ó wúwo, bí òjé àti yùréníọ́ọ̀mù, ni wọ́n fi ń kùn ún kí ibi dúdú àti ibi funfun lè yàtọ̀. Oògùn tí wọ́n bá fi mú ẹran dúró ni ó ń sọ ohun tí wọn yóò rí. Kí ó tó di ọdún 1963, oògùn tí ó wọ́pọ̀ máa ń ba ohun pàtàkì kan nínú okùn jẹ́, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní ọdún náà, Sabatini, Bensch àti Barrnett gbé oògùn tí ń jẹ́ glutaraldehyde jáde, ohun tí ó ti ń pòórá sì fojú hàn.

Kí ni ohun náà? Bí wọ́n bá gé okùn-ajíṣẹ́ ní ìbú, bí ẹni gé ìrèké, òrùka kéékèèké ni yóò kọ́kọ́ hàn, tí àárín wọn ṣófo. Bí wọ́n bá là á ní òòró, wọn yóò rí i pé àwọn òrùka náà jẹ́ ọ̀pá oníhò tí ó nà tọ́ọ́rọ́ láti ìhà ìdí sí ìhà orí, bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí ọmọdé fi ń fẹ́ ìfófò ọṣẹ. Ọ̀pá-ihò ni kí orúkọ rẹ̀ máa jẹ́. Ìbú rẹ̀ tó nánómítà 25, fọ́nrán 13 tí ó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ sì ni ògiri rẹ̀. Kò sí ọ̀pá-ihò kan tí ó dá gùn láti ìdí dé òpin okùn. Ọ̀kan ń parí, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láàárín àwọn ọ̀pá-ihò ni fọ́nrán mìíràn wà tí ó kéré sí wọn, tí ìbú rẹ̀ tó nánómítà 10, tí kò sì ní ihò. Fọ́nrán-ìgbéró ni èyí. Ó ní apá wẹ́wẹ́ tí ó yọ sí ẹ̀gbẹ́, apá wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, gẹ́gẹ́ bí igi àjà ti ń mú òrùlé dúró. Nínú okùn tí ó tóbi, fọ́nrán-ìgbéró pọ̀ ju ọ̀pá-ihò lọ, àwọn ni wọ́n sì ń sọ bí okùn náà yóò ti sanra tó. Bí okùn bá ṣe sanra sí ni iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ ṣe ń yára sí. Mitokọ́ńdíríà gbọọrọ tí ń pèsè agbára wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti àwọn ihò wíńníwíńní tí ń tọ́jú èròjà.

Lẹ́yìn okùn náà ni aṣọ rẹ̀ wà. Ní ọdún 1954, Betty Geren fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni ó ń wé ara rẹ̀ mọ́ okùn náà léraléra, bí obìnrin ti ń wé gèlè, títí aṣọ ọ̀rá yóò fi nípọn. Aṣọ yìí kò wé e láìdáwọ́ dúró: ó ń já ní ibì kan dé ibì kan, okùn a sì tín-ín-rín ní ojú ibi tí aṣọ ti já. Iṣẹ́ tí okùn ń jẹ́ a máa fò láti ojú ibi kan sí èkejì, ìdí sì nìyí tí ó fi ń yára. Kí òǹkàwé fi ojú ibi tínínrín wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí pé níbẹ̀ ni wàhálà yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ka-agbọ́rọ̀ ní ọ̀pá-ihò bí ti okùn-ajíṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀ síra. Bí ẹ̀ka-agbọ́rọ̀ bá ṣe ń jìnnà sí ìdí ni ó ń tín-ín-rín sí. Okùn-ajíṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìwọ̀n padà. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-agbọ́rọ̀ ni ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ti yọ, níbi tí wọ́n ti ń gba iṣẹ́, ọ̀pá-ihò kì í sì í wọ inú ẹ̀gún náà. Ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù ni ti ráíbósóòmù, àwọn hóró dúdú tí ń ṣe èròjà purotéènì. Wọ́n wà nínú ẹ̀ka-agbọ́rọ̀, pàápàá ní ìtòsí ìdí. Nínú okùn-ajíṣẹ́, wọ́n ṣọ̀wọ́n gan-an. Ìtumọ̀ èyí ni pé okùn tí ó gùn jù lọ ni kò ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun gbogbo tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ń lò, ìdí ni wọ́n ti ń rọ ọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ bá a.

Ibí yìí ni Agége fi lè ran òǹkàwé lọ́wọ́. Ojú irin tí ó ti Èkó wá, tí ó gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, ni wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Èyí tuntun tí wọ́n tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 2021. Iṣẹ́ ojú irin gan-an ni ọ̀pá-ihò ń ṣe. Ní ọdún 1985, Ronald Vale, Thomas Reese àti Michael Sheetz ṣàwárí èròjà kan tí ń jẹ́ kinesin, alágbàárù tí ń gbé ẹrù lé orí ọ̀pá-ihò láti ìdí lọ sí òpin. Alágbàárù mìíràn, dynein, ni ó ń kó ẹrù bọ̀ wá sí ìdí. Ẹrù tí ó yá a máa rìn tó mílímítà 400 lóòjọ́, nítorí náà ohun tí ó kúrò ní ọ̀pá ẹ̀yìn lè dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì àbọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn fọ́nrán-ìgbéró ń falẹ̀: nǹkan bí mílímítà kan lóòjọ́ ni wọ́n ń rìn. Èyí tí ó bá kúrò ní ọ̀pá ẹ̀yìn lónìí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún mẹ́ta kí ó tó dé ẹsẹ̀. Ní ọdún 1948 ni Paul Weiss àti Helen Hiscoe ti fún iṣan ẹranko kan díẹ̀, bí ẹni fún ọrùn àpò, tí wọ́n sì rí i pé ohun inú okùn ń ga jọ sí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n fún. Ohun tí wọ́n fún ní ọwọ́ ni agolo gọ́ọ̀mù ń fún ní ìkọ̀kọ̀.

Ohun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ n-hexane. Ó wà nínú bẹntiróòlù, ó sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù àti ohun èlò ìfọkùn, nítorí pé ó máa ń yára gbẹ. Ní àwọn ọdún 1960, ní agbègbè Mikawa ní orílẹ̀-èdè Japan, àwọn tí ń lẹ sálúbàtà nínú yàrá ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí aránbàtà tí a fi ṣe àpẹẹrẹ rí. Yamamura ròyìn 93 nínú wọn ní ọdún 1969: ẹsẹ̀ wọn kú, lẹ́yìn náà ọwọ́, àwọn kan kò sì lè dìde. Ní ọdún 1973, ní Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 80 ní ilé iṣẹ́ aṣọ oníke kan kó àìsàn kan náà láti ara èròjà mìíràn tí wọ́n fi ń po tádàá. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé inú ara ń sọ èròjà méjèèjì di ohun kan náà, 2,5-hexanedione. Ọ̀nà méjì ni ó wọ ọjà kan.

Peter Spencer àti Herbert Schaumburg ní New York mú ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nínú àwọn ẹranko tí wọ́n fún ní èròjà yìí, wọ́n rí i pé okùn wú róbótó, kì í ṣe níbi gbogbo, bí kò ṣe ní ìtòsí ojú ibi tínínrín tí aṣọ ọ̀rá ti ń já. Inú ibi tí ó wú náà kún fọ́fọ́ fún fọ́nrán-ìgbéró tí ó lọ́ mọ́ra wọn. Ọ̀pá-ihò àti mitokọ́ńdíríà ti di ohun tí wọ́n tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aṣọ ọ̀rá tí ó yí i ká ti fẹ́lẹ́ títí ó fi ń ṣí kúrò lára rẹ̀. Èròjà náà ń lẹ àwọn fọ́nrán-ìgbéró pọ̀ mọ́ra wọn, àfi bí ẹni pé gọ́ọ̀mù inú agolo ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ara ẹni tí ó ń lò ó. Fọ́nrán tí ó ti lẹ̀ pọ̀ kò lè gba ojú ibi tínínrín kọjá dáradára mọ́. Ó kó jọ, bí ìgbà tí wọ́n pàtẹ ọjà sójú irin tí ọkọ̀ kò lè kọjá. Apá okùn tí ó wà níwájú ibi tí ọ̀nà dí wá ń kú díẹ̀díẹ̀.

Nísinsìnyí, ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kú ti hàn. Okùn tí ó gùn jù lọ ni ó ní ojú ibi tínínrín tí ó pọ̀ jù lọ, òun ni ẹrù rẹ̀ ń rìn jìnnà jù lọ, òun sì ni ebi kọ́kọ́ ń pa. Ọwọ́ ń tẹ̀ lé e, nítorí pé okùn tirẹ̀ ni ó gùn ṣìkejì. Ìdí tún hàn tí àìsàn náà fi lè máa le sí i fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí pé àwọn okùn tí ó ti bàjẹ́ kò tíì kú tán nígbà náà. Ohun tí ó ń ba àwọn ènìyàn lọ́kàn jẹ́ jù nìyí. Wọ́n á ní ọmọ ti kúrò níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò san, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ni ó fà á. Wọn a sì padà sí ìdí ọ̀tá àti àsasí. Ṣùgbọ́n ara a máa tún ara rẹ̀ ṣe. Okùn inú ẹsẹ̀ lè hù padà ní nǹkan bí mílímítà kan lóòjọ́. Láti orókún dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìyẹn lè gba ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Èyí tí ó bá ti bàjẹ́ nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn kì í hù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ni ó ń pín ẹni tí yóò tún rìn ṣánṣán níyà sí ẹni tí yóò máa tọ̀pá.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìtàn àtijọ́ lásán ni èyí. Ní ọdún 2009, ní Suzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 100 kó àìsàn yìí nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi n-hexane nu gíláàsì fóònù alágbèéká. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù irú èyí wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé.

Ọmọ Yorùbá kan náà ti fi ojú inú wo okùn gígùn tí ń kú láti òpin wá. Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, tí wọ́n bí ní ọdún 1935 tí ó sì kú ní ọdún 1995, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1960, ó tẹ̀ lé àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí ìrìn wọn kò gún mọ́, tí ojú wọn ṣú tàbí tí etí wọn di. Dípò kí ó gbà pé àìsàn ilẹ̀ wa lásán ni, ó yẹ iṣan wọn wò, ó wọn bí iṣẹ́ ti ń yára kọjá nínú rẹ̀ tó, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé Brain ní ọdún 1968. Ó nawọ́ sí oró tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa. Àwọn olùwádìí tí ó tẹ̀ lé e ti bá ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ náà jiyàn, iyàn náà kò sì tíì tán. Ohun tí kò sí iyàn lórí rẹ̀ ni ọ̀nà tí ó là: kí ènìyàn bi aláìsàn léèrè ohun tí ó ń jẹ àti ohun tí ó ń fi ọwọ́ kàn, kí ó tó bi í léèrè ẹni tí ó bá a jà.

Kí ni èyí kan olùkọ́ èdè? Ó kàn án gidigidi. Ìyá àti ọ̀gá inú àpẹẹrẹ wa kò ṣe aláìgbọ́n. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi rò ó ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Èdè tí ó bá fi iṣan kan ṣoṣo pe ẹ̀jẹ̀, ẹran àti ìmọ̀lára yóò mú kí ó rọrùn láti fi ẹsẹ̀ tí ó kú pe àrùn arọmọléegun tàbí ọwọ́ ayé. Láti ọdún 1970, nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, pẹ̀lú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ni ó ti hàn pé èdè náà lè gbé ẹrù yìí. Orúkọ tí a fún ọ̀pá-ihò, fọ́nrán-ìgbéró, okùn-ajíṣẹ́ àti ẹ̀ka-agbọ́rọ̀ nínú àròkọ yìí lè yí padà bí èyí tí ó dára jù bá dé. Ohun tí kò gbọdọ̀ yí padà ni pé kí orúkọ wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ní ilé kí ó sì yé e.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì Yorùbá ní Ìkẹjà àti ní Agége ni yóò wọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ bí ìdánwò bá parí. Kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀ pé fèrèsé ṣíṣí kì í ṣe ìgbéraga, pé bẹntiróòlù kì í ṣe omi ìfọwọ́, pé agolo tí wọn kò lò ní ìdérí nítorí ohun kan. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí ó ń kú díẹ̀díẹ̀ láti ọmọ ìka jẹ́ ohun tí ó yẹ kí dókítà gbọ́ ní kíákíá, pẹ̀lú irú iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó ti wà ní Ìkẹjà láti ọdún 1955, tí ó sì di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2001, kò jìnnà sí wọn. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti ọdún 1987 àti Òfin Owó Gbà-Má-Bínú fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 wà nínú ìwé pẹ̀lú. Ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tí ó ṣe é kò lè fi òfin kankan bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Igi tí a sọ níhìn-ín kò ga, nánómítà 10 péré ni ìbú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n ní orúkọ ni ó lè yẹra fún un ní òkèèrè.